Ẹ̀kọ́ tí sáfà kékeré kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ gbé sáfà Mastodon tiyín kalẹ̀ (ìkànnì àjùmọ̀lò bíi Twitter ni Mastodon, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè ní sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì náà ró, kí àwọn sáfà náà sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀), ẹ gbé e kalẹ̀ o. Ọ̀fẹ́ ni láti ìgbà tí Eugen Rochko ti gbé e jáde ní 2016, ọ̀sán kan péré sì tó ẹni tó bá mọ Linux díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Disk ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Àwa mẹ́jọ péré la ń lo sáfà mi, mo rò pé 80 GB á tó wa títí láé. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sáfà náà, fi kú fin-ín-fin-ín: àyè ti tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn èèyàn mi pé ta ló ń kó fídíò síbẹ̀. Kò sí! Àwòrán àwọn ará ìta, àwọn tó wà lórí sáfà mìíràn, ni. Gbogbo ẹni tí àwa mẹ́jọ ń tẹ̀lé, sáfà mi ń ṣe ẹ̀dà àwòrán wọn sọ́dọ̀. Láti ìgbà náà ni àṣẹ "tootctl media remove --days 7", tó ń pa ẹ̀dà àwòrán àlejò tó ti ju ọjọ́ méje lọ rẹ́, ti ń ṣiṣẹ́ lóròòru nínú cron, ètò tó ń dá iṣẹ́ ṣe lásìkò. Kì í fọwọ́ kan àwòrán tiyín, bí ẹnì kan bá sì tún fẹ́ wo ti àlejò, sáfà á lọ mú un wá padà.

Bí àwọn ará sáfà mìíràn ṣe ń gbé lọ́dọ̀ yín ni ẹ̀yin náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ tí ẹ bá kọ sí LOCAL_DOMAIN, ibi tí Mastodon ti ń béèrè àdírẹ́sì sáfà yín, lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni gbogbo sáfà yòókù á fi mọ̀ yín, kò sì ṣeé yí padà láìjẹ́ pé ẹ dàrú. Orúkọ àwàdà ni mo fún tèmi. Kò pa èmi gan-an lẹ́rìn-ín mọ́, síbẹ̀ ọdọọdún ni mò ń sanwó rẹ̀. Ẹ wo ìparí orúkọ náà pẹ̀lú: ní February 2024, ìjọba Taliban gbẹ́sẹ̀ lé orúkọ sáfà Mastodon kan, queer.af, torí pé Afghanistan ló ni .af.

Oṣù yẹn kan náà ni àwọn oníspam, àwọn tó ń fọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè káàkiri, ń wá sáfà kéékèèké tí ìforúkọsílẹ̀ wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tèmi wà lára wọn. Mo sùn, mo jí, mo bá àkáǹtì ọgọ́rùn-ún tó ń pariwo lórúkọ mi káàkiri. Mo pa gbogbo wọn rẹ́ kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀, àmọ́ sáfà mẹ́rin ti dínà mọ́ wa. Tí wọ́n bá ti fi suspend (ìdínà tó le jù) dínà báyẹn, okùn láàárín àwọn tó ń tẹ̀lé ara wọn já nìyẹn; bí wọ́n tilẹ̀ ṣí i padà, àfi kí kálukú tún tẹ̀lé ara wọn látìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn alábòójútó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ti ṣí i. Ẹ̀kẹrin kò tíì fèsì di òní.