Dókítà Kòkó: Àyẹ̀wò Ọdún 2024

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo ṣe láti oṣù Igbe títí di ìparí oṣù Òkúdu, n kò ní rí èsì fún un. Mo lọ sí kíláàsì, mo mu gaàrí, iná lọ, iná dé. Ohun tó jẹ́ ọdún 2024 fún mi ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí mo ṣí ojú ìwé CAPS, níbi tí àjọ JAMB ti ń fi àyè ilé ìwé lọ ẹni, lórí fóònù Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìbejì, tí mo sì rí i pé yunifásítì tí mo ti ń fi orúkọ rẹ̀ da ẹ̀yin òǹkàwé mi láàmú láti ọdún 2021 ti fún mi ní àyè, àmọ́ kì í ṣe láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ẹ̀kọ́ nípa ààbò irè oko ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má ṣe bínú sí ilé ìwé náà nítorí mi. Ẹ mọ̀ pé 268 nínú 400 ni mo gbà nínú JAMB ẹlẹ́ẹ̀kẹta, èyí tí mo fi yangàn níbí fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n fi 8 pín in, tí wọ́n sì fi ìdajì 62 tí mo gbà nínú ìdánwò ilé ìwé kún un, 64.5 péré ló kù. Máàkì yẹn tó fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń pa ewébẹ̀. Kò tó fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń pa ènìyàn. Òfin JAMB sì ni pé ilé ìwé kò gbọdọ̀ yí kọ́ọ̀sì ẹni padà láìjẹ́ pé ẹni náà fọwọ́ sí i lórí CAPS, nítorí náà ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá gbà, mo di akẹ́kọ̀ọ́. Bí mo bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kí n tún lọ ra fọ́ọ̀mù ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

Mo pe Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

"Dókítà mi," wọ́n ní, "oko tí mo ní kí o sá kúrò nínú rẹ̀ náà ni wọ́n ní kí o wá kàwé lé lórí? Gbà á, jàre, kí n lè lọ sùn."

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi bọ̀ mọ ìdí tí ẹ̀rín yẹn fi dùn mí. Ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá fi oko kòkó tó wà ní ìsàlẹ̀ odò dógò fún ìkórè ọdún mẹ́ta, kí wọ́n lè rí owó san ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń múra ẹni sílẹ̀ fún JAMB. Oko ni a fi dógò kí n má baà di àgbẹ̀. Ó wá di oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2024, irè kòkó kò ṣe dáadáa ní Gánà àti Ivory Coast, iye tí wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kòkó kan ní ọjà àgbáyé sì kọjá 10,000 dọ́là, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Nínú oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024 kan náà, ó kọjá 12,000. Ẹni tí oko wà lọ́wọ́ wọn ló ń kórè. Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣírò ohun tí orúkọ "Dókítà" ti ná ìdílé wa, mo sì fa ìwé náà ya kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Bàbá kò dárò rẹ̀ lójú mi rí. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí lórí fóònù ni pé, "Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?" N óò ní kẹ́mísírì ni. "Kẹ́mísírì ṣáá! Ìgbà wo ni ẹ máa wá dé orí kòkó?"

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Agẹmọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá sí Ìdànrè àti ẹ̀yin tí ẹ fi nǹkan ránṣẹ́. Ohun tí n kò tíì sọ fún yín ni pé, nítorí pé gbogbo àdúgbò ṣì ń pè mí ní Dókítà, ó tó àwọn ìyá mẹ́rin tó fà mí sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá láti béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Ìyá kan dúpẹ́ títí, ó sì fún mi ní 500 náírà. N kò dá a padà.

Nínú oṣù Ọ̀wàrà, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa kó wa lọ sí Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, níbi tí ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa kòkó ti orílẹ̀-èdè yìí wà. A dé orí kòkó. Ọ̀gá tó mú wa kiri já èso kan, wọ́n sì ní kí a gbé e yí ká. Àpá rúsúrúsú ti gba ìdajì ara rẹ̀, ohun funfun lẹ́búlẹ́bú kan sì bo ojú àpá náà. Àwọn tó kù ń tú ìwé. Èmi ti mọ̀ ọ́n kí ó tó kàn mí. Phytophthora megakarya ni orúkọ tí ọ̀gá náà pè é. Bàbá kàn máa ń sọ pé òjò ti bà á jẹ́ ni, wọn kò sì parọ́, nítorí pé inú ilẹ̀ àti inú èso jíjẹrà ni àrùn náà ń gbé, tí òjò bá sì ń ta ilẹ̀, á ta á sára èso tó wà nísàlẹ̀, láti ibẹ̀ á máa gòkè lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí á kó gbogbo èso tó bá ti jẹrà jìnnà sí igi kí á tó fín oògùn rárá.

Ní tiwa, ìdí igi ni a máa ń jù wọ́n sí. Èmi gan-an ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ: já a, jù ú sílẹ̀, bọ́ sí ìdí igi tó kàn. Bàbá á wá gbé ẹ̀rọ ìfín oògùn kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á sì máa fín in sókè, láàárọ̀, lọ́dọọdún, pẹ̀lú owó tí a kò ní, nígbà tí àrùn tí èmi tò sílẹ̀ ń bẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi ní Yorùbá, kedere, bí ẹni tó fẹ́ lọ kà á fún ẹnì kan.

Kí n má tilẹ̀ tan ara mi, bí mo bá rí Bàbá kà á fún, wọ́n á ní oṣù mẹ́wàá péré ni mo lò nílé ìwé tí mo wá ń kọ́ àgbẹ̀ ní oko, kí n lọ gbé àdá. Ẹ jẹ́ kí a kúrò níbẹ̀.

Àwọn ẹbí kan ṣì ń sọ fún mi pé ẹni tó bá ṣe dáadáa ní ọdún kìíní lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, pé kí n padà sí ìdí ìṣègùn. Máàkì mi kò burú. Mo tilẹ̀ ti gba fọ́ọ̀mù náà, ó wà láàárín ìwé kẹ́mísírì mi láti oṣù Bélú, orúkọ mi nìkan ni mo sì tíì kọ sí i. Ìyá Ìbejì, tí wọ́n san owó àkọ́san fún mi láìjẹ́ kí ọkọ wọn mọ̀, ní àwọn kò ní sọ̀rọ̀ sí i. Màámi náà kò sọ nǹkan kan, àmọ́ wọ́n ti bá mi wá bàtà òjò Bàbá jáde, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti sá a sórí ògiri. Ó fi díẹ̀ tóbi jù fún mi.

Ìkórè ọdún 2025 ni dógò yóò parí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá bàbá tí oko wà lọ́wọ́ wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n wọ inú oko lọ kó àwọn èso tó ti gbẹ dúdú lórí igi àti àwọn tó wà nídìí wọn, kí n lọ sin wọ́n sí ọ̀nà jíjìn.

"Ta ló máa sanwó fún ọ?"

Mo ní ẹnikẹ́ni kò ní sanwó.

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, kí n sì rí i dájú pé n kò fọwọ́ kan èyí tó pọ́n.