Ìlà Pé, Oṣù Ò Pé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi R, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò dátà, ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ ohun tó jẹ́ kí ojú tì mí. Dátà olóṣooṣù kan wà lọ́wọ́ mi, láti 2012 dé ìparí 2019. Oṣù 96 nìyẹn. Mo pe nrow() tó ń ka ìlà, ó ní 96, ọkàn mi balẹ̀. Mo kó òpó iye nìkan sínú ts(), tó ń to iye tẹ̀ léra bí àsìkò ṣe ń lọ, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti 2012, frequency = 12 (oṣù méjìlá lọ́dún), mo sì ya ọdún kọ̀ọ̀kan lé ara wọn.

Iye tó máa ń ga jù ní Oṣù Kẹjọ ti sún sí Oṣù Keje ní 2015, 2016 àti 2017, ó sì padà sáyè rẹ̀ ní 2018. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo kọ ìpínrọ̀ méjì gbáko láti ṣàlàyé ìdí tí àsìkò fi yí padà! Ọ̀gá mi kà á tán, ó bi mí pé, "Ṣé o ka oṣù wọn?" Mo ní mo kà á sà, 96 ni. Ó ní, "Ìlà lo kà."

Oṣù Kẹta 2015 kò sí níbẹ̀ rárá. Oṣù Kẹwàá 2017 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan dín, ọ̀kan lé, àròpọ̀ bára mu. ts() kì í wo òpó ọjọ́ yín. Ibi tí ẹ bá ní kó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ka oṣù lọ ní tirẹ̀. Bí iye Oṣù Kẹrin ṣe lọ jókòó sáyè Oṣù Kẹta nìyẹn, tí àwọn tó kù ń sún tẹ̀ lé e, títí Oṣù Kẹwàá onílà méjì fi dí àlàfo náà. R kò sì sọ nǹkan kan.

Ní báyìí, anyDuplicated() ni mo kọ́kọ́ ń pè lórí ọjọ́ láti mọ̀ bóyá ọ̀kan wà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni màá fi seq() to gbogbo oṣù tó yẹ kó wà, kí n fi %in% wá èyí tó sọnù. Mo tún máa ń pe range() kí n rí ọjọ́ tó kéré jù àti èyí tó pẹ́ jù, nítorí pé bí ẹ bá gbé "03/04/2019" fún as.Date() láì sọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ọdún kẹta ni yóò kà á sí, 0003-04-20!

Ẹ má fi 0 dí oṣù tó sọnù o. 0 túmọ̀ sí pé a kà á, a ò rí nǹkan kan. NA, àmì tí R ń lò fún iye tí kò sí, ni kí ẹ fi síbẹ̀. Òótọ́ ni pé stl(), tó ń ya ìyípadà olọ́dọọdún sọ́tọ̀ nínú dátà, kì í gbà á bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó sàn kó kọ̀ ọ́ lójú yín ju kó gba irọ́ lọ.

Ní ti Oṣù Kẹwàá yẹn, iye tó wà lórí ìlà méjèèjì kò dọ́gba. Díẹ̀ ló kù kí n pa ìkejì rẹ́. Mo bi ẹni tó fi dátà ránṣẹ́, ó ní àtúnṣe ni ìkejì, pé àkọ́kọ́ ni kí n yọ.