Ẹ To Aago Náà Kalẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Ìwádìí Lẹ́yìn Ìkọlù Ilé Ìwé

Ẹ̀yin àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kó ìròyìn jọ láti Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti àwọn ìletò etí ọ̀sà tó wà láàárín wọn, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí ohun tó yẹ kí oníròyìn ṣe lẹ́yìn tí àwọn agbébọn bá ti kọlu ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, àwọn agbébọn wọ Model College ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Igbóńlá, lágbègbè Ẹ̀pẹ́ níbí, wọ́n sì jí akẹ́kọ̀ọ́ 4 gbé pẹ̀lú igbákejì ọ̀gá ilé ìwé àti olùkọ́ kan. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àwọn agbébọn tún ya wọ ilé ìwé kan náà, wọ́n kó ọmọkùnrin 6 lọ, ó sì lé ní oṣù méjì kí àwọn òbí wọn tó tún fojú kàn wọ́n. Gbogbo wa la kọ ìròyìn ọjọ́ tí wọ́n jí wọn gbé, gbogbo wa la sì kọ ti ọjọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ohun tó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì, àti ohun tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló bìkítà láti wádìí rẹ̀.

Nígbà tí mo ń wá bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìròyìn tí mo kà jù lọ ni ti ìlú Uvalde ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 18 kan gbé ìbọn wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Robb, ó sì pa ọmọ 19 àti olùkọ́ 2. Lọ́jọ́ kejì, gómìnà Greg Abbott gbóríyìn fún àwọn agbófinró pé wọ́n fi ìgboyà sáré lọ kojú ìbọn. Àmọ́ àwọn òbí tó wà níta ilé ìwé náà ti ń sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn bẹ ọlọ́pàá títí kí wọ́n wọlé, wọn kò sì wọlé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 27, ọ̀gá àgbà àwọn agbófinró ìpínlẹ̀ náà, Steven McCraw, jẹ́wọ́ pé ìpinnu láti dúró kò tọ̀nà, gómìnà náà sì sọ pé wọ́n ṣi òun lọ́nà ni.

Aago ló tú àṣírí náà. Agogo 11:33 òwúrọ̀ ni apànìyàn náà wọ inú ilé ìwé, agogo 12:50 ni àwọn agbófinró tó já wọ yàrá tó wà. Ìṣẹ́jú 77 ló wà láàárín rẹ̀. Ní agogo 12:03, ọmọ kan ti ń pe ọlọ́pàá láti inú yàrá náà, nígbà tí àwọn tó gbé ìbọn lọ́wọ́ ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Texas kà á lẹ́yìn náà pé agbófinró 376 ló dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́, tí wọ́n bá ti to ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ tẹ̀ léra.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìròyìn yín, ẹ fi rúlà fa ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́rin: ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó sọ ọ́, àti bí ẹni náà ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kẹrin yẹn ló le jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ má ṣe bi ìyá àgbàlagbà kan pé agogo mélòó ló gbọ́ ìró ìbọn, nítorí yóò fẹ́ ṣe yín lóore, yóò sì dárúkọ agogo tó bá wá sí i lẹ́nu. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti kírun àsùbáà, bóyá omi ẹ̀kọ rẹ̀ ti hó, bóyá àwọn apẹja ti dé láti orí ọ̀sà. Ẹ bẹ àwọn tó pe ènìyàn lọ́jọ́ náà kí wọ́n ṣí fóònù wọn fún yín, kí ẹ fojú ara yín rí ìṣẹ́jú tí ìpè náà wọlé. Ẹ má sì ṣe fọkàn tán aago inú kámẹ́rà ara ògiri láìdán an wò. Níbi tí iná ọba ti ń lọ tó ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kí aago bẹ́ẹ̀ ti yẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí ẹni tó tún un tò. Ẹ wá ohun kan tí kámẹ́rà náà rí tí ẹ mọ àkókò rẹ̀ dájú, kí ẹ fi ṣírò iye ìṣẹ́jú tó fi yá tàbí tó fi lọ́ra.

Èyí tí ẹ óò rí ni pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í sábà dúró. A ti rí i nílẹ̀ wa. Wọ́n jí ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok lóru ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Láàárín ọjọ́ méjì, iléeṣẹ́ ológun ti gbé àtẹ̀jáde síta pé àwọn ti gba èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀, pé ọmọ 8 péré ló kù. Ọ̀gá ilé ìwé náà ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní láti kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ní Dapchi lọ́dún 2018, níbi tí wọ́n tún ti jí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé gbé, ìjọba ìpínlẹ̀ Yobe kéde pé wọ́n ti rí lára àwọn ọmọ náà gbà, kí wọ́n tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí tó ti ń yọ̀. N kò sọ pé gbogbo agbẹnusọ ló ń purọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sábà máa ń sọ ohun tí ẹlòmíràn sọ fún un, ẹlòmíràn náà sì lè má sí níbẹ̀. Ẹ bi í tààrà: ta ló sọ fún yín, sà? Níbo ni ẹni náà wà nígbà tó ṣẹlẹ̀?

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ Uvalde, yàtọ̀ sí ikú àwọn ọmọ náà fúnra wọn, ni ti olùkọ́ kan tí àwọn aláṣẹ sọ pé ó fi òkúta há ilẹ̀kùn, tí apànìyàn fi rí ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn aláṣẹ kan náà gbà pé obìnrin náà ti ilẹ̀kùn, pé àgádágodo rẹ̀ ni kò mú. Ẹ rò ó wò, kí wọ́n gbé ẹ̀bi òkú ọmọ 19 ka ènìyàn lórí, kí gbogbo ayé sì gbọ́. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ olùṣọ́ ẹnu géètì ni wọ́n máa kọ́kọ́ nàka sí, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó o jẹun, tí kò sì ní agbẹjọ́rò. Ẹ má ṣe kọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ ti gbọ́ tẹnu rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ ti fọwọ́ ara yín ti géètì náà wò.

Ní ti àwọn òbí, ẹ rìn pẹ̀lẹ́. Ìyá kan ní ọjà ẹja Olúwo, tí ọmọ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé rí, sọ fún mi pé akọ̀ròyìn kan ní kí òun gbé yúnífọ́ọ̀mù ọmọ náà dání kí ó lè ya fọ́tò. Láti ọjọ́ náà, kì í fẹ́ dá oníròyìn kankan lóhùn mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹja la fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹja náà ni mo sì fi sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ìwé ìròyìn Austin American-Statesman àti tẹlifíṣọ̀n KVUE gbé fídíò ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé Robb jáde ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2022, wọ́n yọ igbe àwọn ọmọ kúrò nínú rẹ̀. Síbẹ̀, inú bí ọ̀pọ̀ òbí gidigidi, nítorí àwọn aláṣẹ ti ṣèlérí fún wọn pé àwọn òbí ni yóò kọ́kọ́ wò ó. Lójú tèmi, ó tọ́ kí fídíò náà jáde, nítorí ẹ̀tọ́ àwọn òbí àti ará ìlú ni láti mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìròyìn tó yá tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní ráyè pe ilé olókùú ṣáájú.

Orúkọ apànìyàn kò yẹ kó gba àyè púpọ̀ nínú ìròyìn yín, mi ò sì ní fi àkókò yín ṣòfò lórí èyí.

Ẹ má ṣe pa fáìlì náà dé nígbà tí àwọn olóṣèlú bá ti lọ tán. Oṣù Kejìlá ọdún 2022, lẹ́yìn oṣù bíi méje, ni Texas Tribune, ProPublica àti Washington Post gbé ìwádìí jáde pé mẹ́ta nínú àwọn tó kú ní Uvalde ni ọkàn wọn ṣì ń lù nígbà tí wọ́n gbé wọn jáde. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè jáde lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ wa, òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì sí ẹni tó bá béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé iṣẹ́ ọgbà tí wọ́n ṣèlérí láti mọ yí ilé ìwé ká, iye tí wọ́n san, ẹni tó gbà á, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ parí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ fẹsẹ̀ rin ẹ̀yìn ilé ìwé náà dé etí omi, kí ẹ wò ó bóyá ọgbà wà níbẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ kọ lẹ́tà náà, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín mú un lọ, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á, nítorí ìgbà tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ wọn ni ọjọ́ 7 náà ti ń bẹ̀rẹ̀.