Olóṣèlú wá dúpẹ́ ní ìjọ

Nínú ìsìn àná ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, olóṣèlú kan wá dúpẹ́. Wọ́n dá orin dúró títí ó fi jókòó síwájú, wọ́n sì gbé máìkì lé e lọ́wọ́ kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ká gbàdúrà fún aláṣẹ, ó tọ́, 1 Tímótì 2 ní ká ṣe é. Àmọ́ pẹpẹ kì í ṣe ibi ìpolongo ìbò.

Ẹ̀yin alàgbà wa, ẹ jọ̀ọ́, Nehemáyà orí 5 ni kí ẹ fi wọn àwọn olóṣèlú. Ọdún 12 ni Nehemáyà fi ṣe gómìnà ní Júdà, kò jẹ oúnjẹ tó tọ́ sí gómìnà, torí ẹrù ti wọ ará ìlú lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ èèyàn 150 ló ń jẹun lórí tábìlì rẹ̀, màlúù kan àti àgùntàn 6 lójúmọ́!

Bí olóṣèlú bá ní òun ṣe ọ̀nà, ẹ kọ̀wé sí káńsù. Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, tó jẹ́ kí ará ìlú lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè nípa rẹ̀: ta ni kọngílá, èló ni wọ́n san? Bí ìwé tí ẹ béèrè bá pọ̀ jù, òfin yọ̀ǹda ọjọ́ 7 mìíràn fún wọn. Kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ yín.