Wọ́n Ní Ìyá Ṣáàjì Ló Wúwo

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹbí ń rò nípa yín gan-an, ẹ bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò sáré. Ẹ̀pẹ́ lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ tí ilé wa ń lọ gbéyàwó ní abúlé kan ní òdìkejì ọ̀sà. Títì dé ibẹ̀ o, àmọ́ ó yí ká débi pé kí ẹni tó bá bá mọ́tò lọ tó dé, wọ́n á ti fọ ìkòkò ìrẹsì.

Gèlè wà lórí, léèsì wà lára, láìfù jákẹ́ẹ̀tì tún wá gun orí léèsì. Ti Ìyá Ṣáàjì kọ̀, kò pàdé níwájú, ó bá fi ìborùn rẹ̀ so ó. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni. Ó ní ìsọ̀ kan lẹ́bàá gáréèjì tó ti ń bá èèyàn ṣáàjì fóònù, ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Ó sì lára dáadáa, irọ́ ò sí níbẹ̀.

Kápù tó ń wa ọkọ̀ fa okùn, ẹ́ńjìnnì jí. Ẹ́ńjìnnì fọ́tì (alágbára ẹṣin ogójì) àtijọ́ ni, àwọn tí wọ́n ń po epo fún, lítà ọ́ìlì kan sí 50 lítà bẹntiróòlù. A rọra kúrò ní èbúté. Ìgbà tí Kápù ní kóun tẹná mọ́ ọn kí ọkọ̀ lè dìde lórí omi ni wàhálà dé. Imú ọkọ̀ lọ sókè, ìdí rẹ̀ rì wálẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń kérora, àwa ń wọ́ lọ. Bàbá àgbà kan nínú wa bá gbàdúrà: “Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, a ó lékè o!” A ṣe àmín. Ojú oró ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀, ó lékè lóòótọ́. Àwa ò lékè.

“Ẹrù pọ̀ jù,” Bọ̀ọ̀dá Múfú ló sọ bẹ́ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Múfú ò tóbi, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tí wọn ò mọ̀ láyé yìí. Wọ́n wo kúlà ìrẹsì, wọ́n wo kúlà ẹran, wọ́n wá wo Ìyá Ṣáàjì. “Ẹrù kan wà nínú ọkọ̀ yìí tó dá wúwo ju ìyókù lọ.”

“Ọkọ mi,” Ìyá Ṣáàjì fohùn ìyàwó ilé dáhùn, “ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ẹrù náà?”

“Ìyàwó wa, n ò bá ẹ wí.”

A padà sí èbúté. Wọ́n sọ kúlà kalẹ̀, wọ́n sọ ìlù kalẹ̀, wọ́n wá ní kí Ìyá Ṣáàjì náà bọ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó lórí kúlà ẹran. Kápù gbé àwa mélòó kan tó ṣẹ́kù jáde, ọkọ̀ fi tipátipá dìde. Bọ̀ọ̀dá Múfú pàtẹ́wọ́: “Ẹ ò rí i?” Kápù ń họ orí. Ó ní èrò tó jù wá lọ lòun kó lánàá, tàwọn ti àpò gàrí.

Nígbà tá a fi máa padà, oníkálukú ti di mẹkáníìkì. Ẹnì kan ní ihò atẹ́gùn orí táǹkì ló dí. Kápù ní ó ṣí sílẹ̀. Ẹnì kan ń tẹ rọ́bà rògòdò tó ń fa epo, ó le dáadáa, epo ń dé. Òmíràn ní rọ́bà inú abẹ̀bẹ̀ ìdí rẹ̀ ló ti ń yọ̀. Kápù ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa han gooro ni, èyí kérora ló ń kérora.

Ìyá Ṣáàjì ń fi imú fa afẹ́fẹ́ lórí kúlà. “Epo ń rùn. Ẹ wo ojú omi ní ìdí ẹ́ńjìnnì yẹn.” A wò ó: epo aláràbarà ti tẹ́ síbẹ̀. “Epo tí kò jó nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo fi ń ṣáàjì, ọ́ìlì àti epo lèmi náà ń pò fún un. Púlọ́ọ̀gì mélòó ló ní?”

“Méjì, màmá.”

“Ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́.”

Ó ní kí Kápù tan án, kó yọ wáyà wọn níkọ̀ọ̀kan. Kápù fi àkísà gbígbẹ fa tòkè, ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó dá a padà, ó fa tìsàlẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ rárá. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì méjèèjì fún ara wọn, ìsàlẹ̀ náà ló ṣì kú. Bọ̀ọ̀dá Múfú ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣe ẹ̀yìn àwọn. “Ẹ jẹ́ n wò ó bóyá iná tiẹ̀ ń bọ̀.” Kí Kápù tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti fọwọ́ òfìfo ṣi wáyà tòkè mú. Wọ́n pe ìyá wọn, wọ́n pe Ọlọ́run, fìlà wọn ṣí, ó bọ́ sínú ọ̀sà.

“Iná wà ní tòkè,” Ìyá Ṣáàjì wí. “Ẹ pa á ká lọ wo tìsàlẹ̀.”

Kápù yí rọ́bà tó ń dé púlọ́ọ̀gì lórí kúrò lẹ́nu wáyà ìsàlẹ̀. Kọ́pà inú rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé, ó sì ń rún lọ́wọ́. Ìyá Ṣáàjì ní kó gé ẹnu rẹ̀ díẹ̀ títí táá fi kan ibi tó ń dán. Ó gé e, ó yí rọ́bà padà, ó fa okùn. Ohùn ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ pátápátá.

A kó gbogbo ẹrù padà, Ìyá Ṣáàjì sì jókòó ṣìkìtì. Bọ̀ọ̀dá Múfú ṣì ń fi igi lé fìlà lábẹ́ èbúté. “Kápù, ẹ jẹ́ á dán an wò ná,” Ìyá Ṣáàjì wí. Kápù tẹná mọ́ ọn, imú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìdí rẹ̀ gbéra, a dìde lórí omi pẹ̀lú kúlà, pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú gbogbo wa. Bàbá àgbà ní àdúrà òun ló gbà.

Nígbà tá a padà wá gbé Bọ̀ọ̀dá Múfú, orí òfìfo ni wọ́n fi wọlé, wọ́n ń gbọn ìka. Wọ́n fẹ́ lọ jókòó sí ìdí ọkọ̀. Ìyá Ṣáàjì kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sún kúlà fún wọn.

“Ọkọ mi, àárín ni kẹ́ ẹ jókòó sí o. Ọgbọ́n yẹn wúwo.”