"Mi Ò Rí I" Yàtọ̀ Sí "Kò Sí"

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíka ewéko àti ẹranko etí ọ̀sà l'Ékòó, ẹ gbọ́ àṣìṣe mi, kí ẹ má baà tún un ṣe.

Oṣù Kejì ni mo kọ́kọ́ gbé ìwé àti bírò lọ sí etí ọ̀sà ní Akoka. Mo wá ojú oró títí, mi ò rí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé "kò sí." Bàbá Ègùn kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe bi mí léèrè ohun tí mo ń kọ. Mo kà á fún un. Ó ní, "Ọmọ mi, padà wá nígbà òjò."

Mo padà lọ lóṣù Keje. Ojú oró ti dúró wìtìwìtì létí omi.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gba ẹnu èbúté wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ á sì pọ̀ níbẹ̀. Ojú oró kò lè fara da iyọ̀. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, omi odò Ògùn àti àwọn odò yòókù á ya wọlé, iyọ̀ á dínkù, ewé á padà. Láti ìgbà náà, "mi ò rí i" ni mo ń kọ, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí, àti bóyá omi kún tàbí ó fà.

Bàbá yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé water hyacinth, ewéko orí omi mìíràn, ni mo ti ń pè ní ojú oró tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa la ń pa á lówe pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló dá wọn mọ̀ bá a bá rí wọn? Ewé ojú oró ní irun múlọ́múlọ́, gbòǹgbò rẹ̀ ń rọ̀ nínú omi láìkan ilẹ̀. Òṣíbàtà fẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn dé inú ẹrẹ̀. Water hyacinth ní tirẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá; 1984 ni wọ́n ṣàkíyèsí rẹ̀ lómi Àgbádárìgì. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ ti ka àlejò mọ́ onílé.

Igi kan wà ní bèbè yẹn tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ ṣóńṣó láti inú ẹrẹ̀ bí pẹ́ńsù. Òun ló fi ń mí. Ẹ yí ewé rẹ̀ sí oòrùn lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí iyọ̀ wínníwínní tó ń dán lára rẹ̀. Mo fi ahọ́n kàn án. Iyọ̀ ni lóòótọ́! Ohun tó ń pa ojú oró ni igi yìí ń làágùn rẹ̀ jáde.

Bí omi bá fà, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Akàn ni yóò kọ́kọ́ yọjú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹrẹ̀ tí ẹ rò pé ó ṣófo yóò mira, ẹja kékeré olójú yíyọ á sì máa fò káàkiri orí ilẹ̀.