Ohun tí mo kọ́ látinú wíwá òkúta ojú ọ̀run pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì wa wà lára àwọn tó ń bá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ wá ásítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn àwọn òkúta tó ń yí oòrùn po bí ayé ṣe ń yí i po. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí pé báwo la ṣe ń ṣe é nígbà tí a kò ní ẹ̀rọ awò ńlá kankan tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run. Àwọn ni mo ń kọ èyí fún, àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ kí olùkọ́ òun dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ awò. Ó ti wà lórí òkè Haleakala ní Hawaii, Pan-STARRS lorúkọ rẹ̀. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní International Astronomical Search Collaboration, tí Patrick Miller bẹ̀rẹ̀ ní 2006 ní Yunifásítì Hardin-Simmons ní Texas, ló ń pín àwòrán ibẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ayé. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Mẹ́rin mẹ́rin ni àwòrán náà ń wá: ibì kan náà lójú ọ̀run ni wọ́n yà, tí ìṣẹ́jú díẹ̀ wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ètò kọ̀ǹpútà Astrometrica, tí Herbert Raab ará Austria kọ, yóò tò wọ́n léra, yóò sì máa fi wọ́n hàn kíákíá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìràwọ̀ yóò dúró sójú kan. Èyí tó bá ń sún kúrò láyè rẹ̀ là ń wá.

Ibí gan-an niṣẹ́ wà. Àwòrán náà kún fún àmì kéékèèké. Òmíràn jẹ́ ìtànṣán láti òfurufú tó kọ lu kámẹ́rà: yóò tàn kedere nínú àwòrán kan, ẹ kò sì ní rí i nínú mẹ́ta yòókù. Òmíràn jẹ́ àléébù kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Òkúta gidi máa ń lọ tààrà, eré rẹ̀ kì í yí padà láti àwòrán kan sí òmíràn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣàdédé pọ̀ tàbí dínkù. Ìmọ̀ràn mi tó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí gbogbo ọmọ kó orí jọ sídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Tí ẹnì kan bá ti nàka sí àmì kan, ojú gbogbo àwọn tó kù á lọ síbẹ̀, wọn á sì gbà pé àwọn náà rí i. Mo máa ń pín àwọn ọmọ sí méjì méjì; ikọ̀ méjì á wo àwòrán kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn á kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó fi wéra. Ọmọ tó bá ní “Sà, mi ò rí nǹkan kan” ti ṣiṣẹ́ gidi. Mo máa ń yìn ín lójú gbogbo ẹgbẹ́, nítorí ìròyìn tí kò jóòótọ́ lè mú kí wọ́n fi àkókò ẹ̀rọ awò ṣòfò lórí ohun tí kò sí.

Ẹ tètè sọ fún wọn pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n máa rí ló wà láàárín pílánẹ́ẹ̀tì Mars àti Jupiter, tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú wa. Èyí tí wọ́n ń pè ní eléwu ni èyí tí ipa ọ̀nà rẹ̀ lè sún mọ́ ti ayé tó mílíọ̀nù 7.5 kìlómítà, tó sì fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í sì í ṣe pé wọ́n ní ó ń bọ̀ wá kọ lù wá.

Mi ò fi ìbẹ̀rù kọ́ wọn. Ìtàn òkúta kan tí wọ́n ń pè ní 2024 YR4 ni mo fi ń kọ́ wọn. Ẹ̀rọ awò ATLAS ní Chile rí i ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, 2024. Nígbà tó di oṣù Kejì, 2025, ìṣirò fi hàn pé ó lé díẹ̀ ní ìdá 3 nínú 100 pé ó lè kọ lu ayé ní 2032. Ariwo ta. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kàn ń wọn ibi tó wà lálaalẹ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ìṣirò náà sì já wálẹ̀ pátápátá: kò ní kọ lu ayé. Òkúta náà kò yà kúrò lọ́nà o. Àwa la túbọ̀ mọ ọ̀nà tó ń gbà. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ wa ń bá wọn kó jọ, tó ń lọ sí Minor Planet Center ní Massachusetts, ibi tí wọ́n ń kó ìwọ̀n ásítẹ́rọ́ìdì gbogbo ayé jọ sí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti ìnáwó, láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ní Windows ti tó. Ẹ fa àwòrán wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi fúláàṣì pín in. Ẹ rí i pé bátìrì kún, nítorí iná. Ẹ má sì dá ìròyìn dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí òkúta náà kò dúró dè yín, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ tún un rí kí wọ́n tó gbà á.

Àwọn ọmọ á béèrè nípa orúkọ. Tí wọ́n bá tún òkúta náà rí, á gba àmì ìdánimọ̀ onígbà díẹ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n bá mọ ipa ọ̀nà rẹ̀ dájú kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà, lẹ́yìn èyí ni wọ́n lè dábàá orúkọ. Ọdún púpọ̀ ló ń gbà. Ọmọ tó wà ní SS2 lónìí lè ti jáde yunifásítì kí èsì tó dé. Nítorí náà, ẹ ra ìwé ńlá kan fún ẹgbẹ́ yín. Ẹ kọ ọjọ́, nọ́ńbà àwòrán, orúkọ àwọn tó wò ó àti nọ́ńbà fóònù òbí wọn sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi í sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kó má bàa bá olùkọ́ tí wọ́n bá gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lọ.